Káàdì Tí Mo Ní Ká Dúró Dè

Ara mi kì í gba ìjókòó. Bí ohun kan bá ń bọ̀ lọ́nà tí kò tíì dé, ẹ má wulẹ̀ fún mi ní àga. Màmá wa máa ń sọ pé nígbà tí mo wà ní kékeré, bí wọ́n bá gbé iṣu kaná, èmi ni mo máa ń ṣí ìkòkò wò, ṣí i, dé e, ṣí i, dé e, títí iṣu ọ̀hún á fi kọ̀ tí kò ní jinná. Wọ́n ti nà mí nítorí ẹ̀, kò wọ̀ mí lára.

Ní ọdún 2018, ohun tí mo ń yọjú wò bẹ́ẹ̀ ni káàdì àwòrán. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, pátákó kan ni, ó gùn tó ìwé orin ìjọ, ó ní fáànù lára, inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kì í bọ̀ kí àwòrán lè máa yára jáde. Àwọn ọmọ tó fẹ́ràn géèmù ń wá a kiri, àwọn tó ń ya àwòrán ilé tàbí tó ń ṣe fídíò kò sì lè ṣe kí wọ́n má ní in. Ilé-iṣẹ́ méjì lókè òkun ló ń bá ara wọn dù ú. Nítorí àwọ̀ tó wà lára páálí ọjà wọn, àwa tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ lẹ́wù ń pe ọ̀kan ní Aláwọ̀-ewé, a ń pe èkejì ní Pupa.

Ẹ ó bi mí pé kí ló kàn mí níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí l'Ábújá, fáìlì ni mò ń gbé láti orí tábìlì kan dé orí òmíràn. N kò ní irú káàdì bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ìròyìn rẹ̀ dùn! Ẹnì kan ní Ṣáínà á ya fọ́tò igun páálí kan. Ẹlòmíràn á ní òun rí orúkọ kan tí wọn kò mọ̀ rí nínú ìwé ẹrù tó kọjá ní pápákọ̀ òfuurufú. Lórí ìyẹn nìkan, a ó ti ṣírò bí ṣíìpù tó ń bọ̀, ìyẹn ọpọlọ káàdì náà, ṣe máa lágbára tó, oṣù tí wọ́n máa gbé e jáde, àti ohun tí ilé-iṣẹ́ kejì máa fi fèsì. Aláwọ̀-ewé a máa fi orúkọ àwọn onímọ̀ tó ti kú sọ ṣíìpù tirẹ̀, Pupa a máa fi orúkọ ìràwọ̀ sọ tirẹ̀. Orúkọ tí ọmọ tí wọn kò tíì bí máa jẹ́, àwa ti ń jà lé e lórí.

Aláwọ̀-ewé ni mo wà fún. Ọmọ Ìlọrin kan tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tèmi ní ọ́fíìsì wà fún Pupa. Ojoojúmọ́ la fi ń pariwo. Èmi ní Aláwọ̀-ewé á tètè gbé tuntun jáde kí Pupa tó la ojú. Òun ní irọ́ ni, ẹni tó ń dá sáré kì í fi gbogbo agbára sáré, Pupa kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ lọ́dún yẹn, kí wá ni Aláwọ̀-ewé ń sá fún? Ó ní ọjà àtijọ́ ṣì kún ilé ìkẹ́rùsí wọn. Mo ní kò mọ nǹkan kan. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó mọ̀ ọ́n.

Tó bá jẹ́ pé ariwo ọ́fíìsì nìkan ni, ì bá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àbúrò mi obìnrin wà lọ́dọ̀ mi ní Gwarinpa nígbà náà. Òun ni àbíkẹ́yìn ilé wa. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ilé lórí kọ̀ǹpútà, ọwọ́ rẹ̀ sì dá ṣáká. Bó bá ya pálọ̀ kan fún ọ, wàá fẹ́ bọ́ bàtà kí o tó wọlé. Màmá wa ní Kàbà kò gba tiẹ̀. Wọ́n ní ọdún kan péré làwọn fún un l'Ábújá, láti oṣù kẹsàn-án dé òpin oṣù kẹjọ. Bí kò bá ríṣẹ́, kó padà wálé wá gba iṣẹ́ olùkọ́ tí àbúrò bàbá wa ti bá a wá sílẹ̀. Àbúrò mi kò fẹ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ó sọ fún mi lójú mi pé tí òun bá padà, òun kò ní ya ilé mọ́ láyé òun.

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń kọ́lé tà ní Kado wá rí iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kó ṣe fídíò ilé mẹ́rin fún àwọn, irú èyí tí èèyàn á wò bí ẹni ń rìn láti géètì wọ pálọ̀ títí dé ilé ìdáná. Òun àti ẹni méjì mìíràn ni wọ́n fún. Tí oṣù kẹjọ bá ń parí lọ, wọ́n á wo ti àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n á mú ẹnì kan ṣoṣo.

Kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò lè gbé e. Fídíò ìṣẹ́jú kan á gbà á ní odindi ọjọ́ méjì, á máa mí hẹ̀ẹ̀hẹ̀ẹ̀ ní igun pálọ̀. Bí iná bá lọ kí jẹnẹrétọ̀ tó gbà á, ó parí, ìbẹ̀rẹ̀ ló kàn, iná kì í sì ṣe ọjọ́ méjì kó má lọ. Mo wò ó títí, mo káwọ́ lẹ́yìn, mo ń rìn kiri pálọ̀, mo ní: "Káàdì ni ò sí níbẹ̀. Fi í sílẹ̀ fún mi. Èmi ni mo mọ èyí tí a máa rà."

Inú rẹ̀ dùn! Ó kó gbogbo owó tó ti ń tọ́jú láti ìgbà tó ti ń ṣe àgùnbánirọ̀ fún mi, kò kà á lójú mi.

Alhaji kan wà ní Utako, ará Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń ta kọ̀ǹpútà. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún ló ń lọ Dubai ra ọjà, a sì máa bá èèyàn mú ohun tí wọn kò lè rí l'Ábújá bọ̀. Ó ní òfin kan: bó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kó lọ, ohun tí o bá fẹ́, wàá fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ sórí bébà, wàá sì mú un wá fúnra rẹ. Kò gba tẹlifóònù, kò gba àtẹ̀jíṣẹ́. Ó ní ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ kò ní yí ohùn padà nígbà tí òun bá dé. Bí bébà rẹ kò bá sí nínú àpò jáláàbù rẹ̀ lọ́jọ́ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, ó di ìrìn-àjò mìíràn.

Nínú oṣù kìíní, mo kọ orúkọ káàdì kan sórí bébà, mo mú un lọ. Káàdì tó dáa ni, owó àbúrò mi ká a. Alhaji ká bébà náà, ó kì í bọ àpò, ó ní, "Yauwa, tìrẹ ti wọlé."

Ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn-àjò rẹ̀, mo wà nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ gbá wa mú lójú ọ̀nà Gwarinpa, mo ṣí fóònù mi. Ìròyìn ti dé: ṣíìpù tuntun Aláwọ̀-ewé ń bọ̀ ní oṣù kẹta, ó dájú, ẹnì kan tó mọ ẹnì kan ló sọ ọ́. Ara mi gbóná. Oṣù méjì péré! Ká wá fi owó ọmọ ọlọ́mọ ra èyí tó máa di àlòkù ní oṣù méjì? Mo bọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ láàárín títì, mo sọdá, mo wọ òmíràn padà sí Utako.

Alhaji ti ń ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Mo ní, "Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní bébà mi. Òmíràn ń bọ̀."

Ó wò mí. "Ó ń bọ̀, àbí ó ti dé?"

"Ó ń bọ̀, sà. Oṣù kẹta."

"Ta ló sọ?"

Mo ṣe àlàyé títí. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa, kò já lù mí lẹ́nu, ó wá yọ bébà náà fún mi. Ó ní, "Àgbọ́sọ ni gbogbo èyí tí o ń sọ yìí o, ọmọ Kàbà. Èmi ohun tó bá wà lórí àtẹ ni mo mọ̀."

Mo délé, mo sọ fún àbúrò mi pé ká ní sùúrù, mo ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èmi tí n kò lè mú sùúrù kí iṣu jinná! Ó ní, "Ó dáa, bọ̀dá mi. Ẹ ṣeun."

Oṣù kẹta dé, kò sí nǹkan kan. Ọ̀gá Aláwọ̀-ewé gun orí pèpéle, ó sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀. Ọmọ Ìlọrin na ọwọ́ sí mi láti orí tábìlì rẹ̀: "Kai! Aláwọ̀-ewé! Wọ́n ti sún un síwájú!" Ìbínú mi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí n kò jẹun ọ̀sán. Ìròyìn ní ó di oṣù kẹrin. Lẹ́yìn náà wọ́n ní oṣù kẹfà, wọ́n tún ní keje. Mo ń kà á lẹ́nu iṣẹ́, mo ń kà á nínú ọkọ̀, mo ń kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì tí pásítọ̀ bá ti sọ pé ká dijú. Mo ń sọ ọ́ fún àbúrò mi lójoojúmọ́ bí ẹni ń jíṣẹ́ Ọlọ́run. Á máa mi orí, ojú rẹ̀ kò ní kúrò lára kọ̀ǹpútà tó ń mí hẹ̀ẹ̀hẹ̀ẹ̀ yẹn.

Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé káàdì àtijọ́ pàápàá gbówó lórí. Nígbà tí Alhaji padà dé, ó ní àwọn kan wà tó ń fi káàdì wa owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń wa góòlù, wọ́n ti ra gbogbo èyí tó wà ní Dubai tán, iye rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì. Mo fò sókè. Mo ní, "Ẹ rí i! Ìdí tó fi yẹ ká dúró nìyẹn!" Oníbàárà kan wọlé, Alhaji yíjú sí i.

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì ọ̀hún já lulẹ̀, àwọn tó ń wà á bá ń ta káàdì wọn. Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù karùn-ún, Alhaji fúnra rẹ̀ pè mí. Ó ní òun rí tòkunbọ̀ kan tó mọ́, kí n mú àbúrò mi dání, kó fi ojú ara rẹ̀ rí i.

A lọ. Alhaji gbé káàdì náà lé e lọ́wọ́. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó fẹ́ eruku kúrò lára fáànù rẹ̀ wẹ́ẹ́. Owó rẹ̀ ká a, ó tún ṣẹ́kù. Mo rí bí ojú rẹ̀ ṣe rí. N kò lè purọ́ pé n kò rí i. Mo rí i, mo sì ń sọ̀rọ̀ lọ. Mo ní àwọn tó ń wa owó ti lò ó ní ìlò ẹrú, tọ̀sán tòru ni wọ́n fi tan iná sí i lára, ó lè kú lọ́la. Mo ní ìròyìn tó jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà pàápàá sọ pé tuntun kò ní pẹ́ mọ́, tí tuntun bá sì jáde, irú èyí á di ọ̀fẹ́. Mo ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.

Alhaji ò wò mí. Àbúrò mi ló ń wò. Ó ní, "Ìyá mi, owó rẹ ni o. Ṣé ìwọ náà gbà bẹ́ẹ̀?"

Àbúrò mi kúnlẹ̀ díẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé káàdì padà fún un. Ó ní, "Ohun tí bọ̀dá mi bá sọ ni, sà."

Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Àbúrò kì í já ẹ̀gbọ́n nírọ́ lójú àlejò. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá ti sọ̀rọ̀ tán, kò sí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ mọ́, síbẹ̀ mo kọ́kọ́ sọ tèmi kí ẹnikẹ́ni tó bi í. Nínú ọkọ̀ tó gbé wa padà, inú mi dùn pé mo ti gba owó rẹ̀ là.

Oṣù kẹfà lọ, oṣù keje lọ. Àbúrò mi ti parí ilé kan. Ó ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́ láti gbá iná mú kí wọ́n tó mú un lọ. Mo ń rìn láti fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà, láti ẹnu ọ̀nà dé fèrèsé, títí ó fi sọ lọ́jọ́ kan pé, "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, ẹ̀ ń bò mí ní ìmọ́lẹ̀." Ọ̀rọ̀ líle tó sọ sí mi lọ́dún yẹn kò ju ìyẹn lọ.

Ó wá ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ Ajé kan ni, oṣù kẹjọ ti lé ní ìdajì, a ti fẹ́ kúrò ní ọ́fíìsì. Èmi àti ọmọ Ìlọrin na ọrùn sórí fóònù rẹ̀, a ń wò ó láti òkè òkun. Ọ̀gá Aláwọ̀-ewé gbé káàdì tuntun sókè! Mo lu tábìlì, mo fò sókè, mo kígbe pé, "Kí ni mo sọ! Kí ni mo sọ!" Ọmọ Ìlọrin bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní mo borí. Mo ń jó. Ọkùnrin orí pèpéle wá dárúkọ iye rẹ̀. Owó àbúrò mi kò tó ìdajì, ká má tíì sọ ti dọ́là sí náírà. Ó ní ọjà fúnra rẹ̀ kò ní dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni títí di oṣù tó ń bọ̀.

Ọmọ Ìlọrin pa fóònù. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ó ní, "Oṣù tó ń bọ̀ kẹ̀? Ṣé kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àbúrò ẹ máa gbé iṣẹ́ lọ sí Kado?"

Mo jókòó.

Nígbà tí mo délé, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, bọ̀dá mi. Ṣé ó ti jáde?"

"Ó ti jáde."

"Ẹ kú oríire o. Èló ni?"

Mo sọ fún un. Mo sọ ti oṣù tó ń bọ̀ náà. Ó ní, "Ó dáa, sà," ó sì padà sí ìdí kọ̀ǹpútà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo sáré dé Utako, bóyá tòkunbọ̀ ọjọ́sí ṣì wà. Alhaji ní ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ọmọkùnrin kan ti rà á, ilé lòun náà ń yà, kò sì tíì mú ẹjọ́ wá. Òmíràn kò sí. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Mo ti mọ òwe yẹn láti kékeré, ọjọ́ yẹn ló tó mọ̀ mí.

Ilé kan tó ń rìn àti àwòrán mẹ́ta tó dúró lójú kan ni àbúrò mi gbé lọ sí Kado. Nígbà tó ń bọ̀, ó yà ní ọjà ẹja, ó ra ẹja tútù, ó sebẹ̀. Ó bu orí ẹja fún mi gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n. Ó dúró títí mo fi jẹun tán, tí mo fọwọ́, kó tó sọ ọ́. Wọ́n yìn ín púpọ̀, ó ní wọ́n ní ọwọ́ òun ló dáa jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ẹnì kan ló ń rìn, ẹni yẹn ni wọ́n mú.

N kò tíì rí ibi tí ẹ̀gbọ́n ti bẹ àbúrò nílé wa rí, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Mo ní, "Pẹ̀lẹ́." Bí ìgbà tí èèyàn ń kí ẹni tó fẹsẹ̀ kọ lásán. Ojú tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Ó ní, "Kò burú, bọ̀dá mi." Ó kó abọ́.

Lọ́jọ́ tí ọdún kan màmá wa pé, mo gbé ẹrù rẹ̀ dé gáréèjì ní Utako. Mo dá owó rẹ̀ padà fún un bó ṣe gbé e fún mi. Kọ̀ǹpútà náà wà lórí itan rẹ̀, ó fi ìborùn wé e. Ọkọ̀ ṣí. Mo fi ẹsẹ̀ rìn títí dé Gwarinpa, n kò lè jókòó nínú ọkọ̀ kankan.

Ọjọ́ kejì, kí n tó jáde lọ síbi iṣẹ́, màmá wa pè.

Wọ́n kí mi ní ìkíni Kàbà, "Okun, ọmọ mi. Àbúrò rẹ ti dé láyọ̀. Ó ti ròyìn gbogbo ẹ̀ fún mi."

Mo fi ọwọ́ kan di ògiri mú.

Wọ́n ní, "Ó ní òun fúnra òun ló sú, pé iṣẹ́ yẹn kò wu òun mọ́. Ó ní ìwọ lo ń bẹ òun kí òun má lọ. Ó ní gbogbo ọ̀nà lo fi wá kí ọwọ́ òun lè tẹ ohun tí òun ń wá, pé àánú rẹ ń ṣe òun. Ọmọ mi, o ṣeun. Bí o ṣe dúró ti ọmọ ìyá rẹ yìí, Ọlọ́run á dúró tì ọ́."

Mo ní, "Àmín, mà."

Wọ́n ní, "Bí o kò ṣe jẹ́ kójú tì í, ojú kò ní tì ọ́ láyé."

Mo ní àmín, sínú.

Màmá wa ní, "N kò gbọ́ àmín rẹ o."

Mo tún un wí, sókè.